Owó Ìparí Dókúmẹ́ńtárì: IDFA Bertha Fund àbí Kickstarter?

Ẹ ti ya fíìmù yín, owó wá tán kí iṣẹ́ tó tán. Ó ku gígé fíìmù, àtúnṣe ohùn àti àwọ̀, àti owó àwọn àwòrán àtijọ́ tó ní oníǹkan.

IDFA Bertha Fund, àpò owó ìrànwọ́ fún dókúmẹ́ńtárì lábẹ́ àjọ̀dún fíìmù IDFA, wà ní Amsterdam, ní Netherlands. Lọ́dún 1998 ni wọ́n dá a sílẹ̀, orúkọ mìíràn ló ń jẹ́ nígbà náà. Ó ń ran àwọn oníṣẹ́ fíìmù Áfíríkà, Éṣíà àti Látìn Amẹ́ríkà lọ́wọ́. Wọ́n á béèrè àlàyé ìtàn náà, ètò ìnáwó àti díẹ̀ lára ohun tí ẹ ti yà. Ètò ìnáwó yẹn ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Ẹ má kọ “oríṣiríṣi” síbẹ̀ o! Ẹ kọ iye ọjọ́ tí olùgé fíìmù máa lò àti owó tó máa gbà. Ìdáhùn kì í yá, èrò sì pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Ní ti Kickstarter, ìkànnì ìkówójọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ará ìlú ló ń dáwó. Bí owó kò bá pé iye tí ẹ ní ẹ ń wá láàárín ọjọ́ tí ẹ fi sí i (60 ló pọ̀ jù), kọ́bọ̀ kò ní wọlé. Bó bá pé, wọ́n á yọ 5%, yàtọ̀ sí owó báǹkì. Àmọ́ kò sí Nàìjíríà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń gbà. Ará wa ní London lè lò ó, bó bá lérò lẹ́yìn. Ẹni tó wà n'Ìbàdàn, Amsterdam ni kó kọ̀wé sí.