Láti Kubwa dé Àgbádárìgì: Iṣẹ́ afinimọ̀nà kan tí mo yẹ̀ wò

Ogún ni àwa ọmọ ẹgbẹ́ Yorùbá ní Kubwa, ní Àbújá, tí a sanwó fún ilé-iṣẹ́ kan pé kí ó mú wa lọ sí Àgbádárìgì fún ọjọ́ mẹ́ta, nítorí pé púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí a bí sí Òkè Ọya kò rí òkun rí. Wákàtí mẹ́ta gbáko ni a fi dúró de ọkọ̀, kò sì sí ẹni tí ó bẹ̀ wá.

Afinimọ̀nà tí a bá ní Àgbádárìgì ni ó jẹ́ kí owó wa tó owó. Ọmọ Ègùn ni, ó sì gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ó mú wa dé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, èyí tí àwọn ajíhìnrere CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà, parí ní 1845, àti ilé Sẹ̀ríkí Abass, oníṣòwò ẹrú, níbi tí wọ́n ti ń há àwọn ẹrú mọ́ inú yàrá tóóró. Lẹ́yìn náà ni a wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá ọ̀sà sí erékùṣù Gbẹrẹfu, tí a sì rin ọ̀nà oníyanrìn tí wọ́n kó àwọn ẹrú gbà dé etí òkun. Àwọn ọmọ tí ń pariwo dákẹ́. Èmi náà kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Síbẹ̀, afinimọ̀nà wa kò fi ìlú náà mọ sí ọ̀rọ̀ ẹrú: ó fi àwọn apẹja àti àwọn tí ń fi àgbọn ṣe òróró hàn wá, ó sì ṣàlàyé Zangbeto, ọdẹ òru àwọn Ègùn.

Oúnjẹ ilé ìtura kò dùn. Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ wá ọkọ̀ fúnra yín, kí ẹ sì gba afinimọ̀nà ní ìlú náà gan-an.