Àgbéyẹ̀wò dùùrù Gavioli oníka 89: ẹwìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Iwájú dùùrù pápá àríyá àtijọ́ yìí, tí wọ́n fín tí wọ́n sì kùn yẹbẹyẹbẹ, ló máa ń gba ọkàn ẹni tó fẹ́ rà á. Ẹ̀yìn ni kí ẹ gbà lọ. Ẹwìrì tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí àwọn fèrè rẹ̀ wà níbẹ̀, òun ló ni ohùn.

Páálí olórin rẹ̀ ló mú kí n gba tiẹ̀ ju ti ìṣáájú lọ. Tẹ́lẹ̀, àgbá onígi tí wọ́n kan ìṣó sí lára ló ń darí dùùrù, orin mélòó kan péré ló sì ń gbà. Lọ́dún 1892, ilé iṣẹ́ Gavioli ní Paris gbàwé àṣẹ lórí páálí tó ṣeé ká jọ bí ìwé, tí wọ́n lu ihò sí. Páálí náà ń gba orí ìka irin 89 kọjá, sípíríǹgì sì ń ti ìka kọ̀ọ̀kan sókè. Bí ihò bá dé, ìka á yọrí, á ṣí ojú afẹ́fẹ́ tóóró kan, ẹwìrì kékeré inú àpótí á sì fa ìdérí tó wà nídìí fèrè. Kì í ṣe gbogbo ìka ló jẹ́ ti fèrè o: àwọn kan ń lu ìlù àti aro, àwọn kan ń ṣí ọ̀wọ́ fèrè tàbí kí wọ́n pa á.

Fèrè tó ń dún bíi gòjé ni ẹwà rẹ̀. Irin pẹlẹbẹ kékeré kan wà níwájú ẹnu rẹ̀. Tó bá yẹ̀ díẹ̀ péré, fèrè á ké lóhùn òkè tàbí kó yadi. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń nu eruku fọwọ́ kàn án.

Tí fèrè kan ò bá dákẹ́, ìka ló há, tàbí ìdọ̀tí ló wà lábẹ́ ìdérí. Ẹ má rọ epo sí ìka lọ́pọ̀, torí epo ń gbá eruku páálí jọ. Èyí tí kò dún rárá, awọ ẹwìrì kékeré rẹ̀ ló sábà máa ń ya. Bí gbogbo rẹ̀ bá rẹlẹ̀ nígbà tí fèrè ńlá àti ìlù bá jọ dún, afẹ́fẹ́ ń jò: ẹ jẹ́ kí ẹwìrì kún, ẹ dá a dúró láìlo orin, kí ẹ wo bó ṣe ń yára wálẹ̀ tó. Gúlúù gbígbóná tí wọ́n fi awọ ẹran ṣe ni kí wọ́n fi lẹ awọ tuntun, kí ó ṣeé tú lọ́jọ́ iwájú.

Nínú ooru, ohùn fèrè onígi ń ga sókè, ti fèrè oníahọ́n, èyí tí ahọ́n pẹlẹbẹ tó ń gbọ̀n nínú rẹ̀ ń mú dún, kì í fi bẹ́ẹ̀ tẹ̀ lé e. Ẹ má sáré tún fèrè onígi ṣe.

Ohùn rẹ̀ le jù fún inú ilé. Tí ẹ bá ń ra páálí tuntun, ìwọ̀n ìka rẹ̀ gan-an ni kí wọ́n fi lu ihò, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ síbi gbígbẹ. Ọ̀rinrin máa ń mú un wú, á sì há lẹ́nu ìka.