Thionyl chloride tí mo rà l'Ọjọ́ta

Àkísà tútù ló bí mi nínú tí mo fi ń kọ èyí. Mo wà ní ọjà kẹ́míkà l'Ọjọ́ta, mo ní kí ọmọkùnrin tó ń tajà gbé thionyl chloride, kẹ́míkà olómi tí a fi ń sọ ásíìdì di acid chloride, wá kí n wò ó. Ìdérí ìgò náà ti gbó, ó ti ń ṣẹ́, òórùn bíi ti ìṣáná tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣá sì gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, "Aǹtí, ẹ má wo ìyẹn, ẹ jẹ́ n bá yín nù ún." Ló bá fa àkísà tó ń kán tótó yọ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi. Igbe tí mo ké, àwọn ará ṣọ́ọ̀bù kejì yọjú.

Kẹ́míkà yìí àti omi kì í rẹ́. Bí wọ́n bá ti fara kanra, sulphur dioxide àti hydrogen chloride ló ń tú jáde, àwọn méjèèjì sì ń jó ojú àti ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tó ń tà á lójoojúmọ́ ni kò mọ̀! Kò wọ ìbọ̀wọ́, kò wọ awò ojú. Mo béèrè ìdí tí ohun inú ìgò fi pọ́n nígbà tó yẹ kó mọ́ gaara, ó ní, "Bó ṣe máa ń rí nìyẹn." Irọ́ ni. Ó ti pẹ́ nílẹ̀ ni.

Ẹnu èyí la wà tí Alhaja tó ni ṣọ́ọ̀bù fi wọlé. Kò gbè sẹ́yìn ọmọ rẹ̀ rárá. Ó jókòó, ó ní, "Ọmọ mi, ṣàlàyé kó yé mi." Mo ṣàlàyé. Ojú mi ni ọmọ náà ṣe gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì kúrò nítòsí àwọn ìgò. Alhaja wá ìdérí mìíràn, ó ri ìgò náà sínú iyanrìn gbígbẹ, ó sì dín owó rẹ̀ kù láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́.

Ní láàbù, kí ó lè mọ́, mo fi triphenyl phosphite tó ń mú ìdọ̀tí rẹ̀ sí i, mo sè é, mo sì ń gbe ooru rẹ̀ bó ṣe ń tutù padà. Ní nǹkan bíi 76°C ló ń kán sílẹ̀, ó mọ́ lóló! Mo dà á sórí p-nitrobenzoic acid, ásíìdì tí mo fẹ́ yí padà, mo kán dimethylformamide díẹ̀ sí i kí iṣẹ́ lè yá, mo fi ooru sí i nísàlẹ̀. Ìyẹ̀fun náà ń yòrò, ìfóòfó ń gòkè; nígbà tí ìfóòfó dá, iṣẹ́ ti parí. Ohun tí mo fẹ́ràn lára kẹ́míkà yìí nìyẹn: gáàsì ni pàǹtí rẹ̀. Phosphorus pentachloride, kẹ́míkà mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, á fi phosphorus oxychloride olómi sílẹ̀ fún ẹ láti máa yọ. Ti èyí, páìpù á gbé gáàsì lọ sínú omi sodium hydroxide tó ń mu ún, pẹ̀lú ìgò òfìfo láàárín kí omi má baà fà padà. Ooru á sì lé ìyókù lọ. Kírísítálì p-nitrobenzoyl chloride tí mo rí yọ́ ní nǹkan bíi 73°C. Ásíìdì tí mo fi bẹ̀rẹ̀ kì í yọ́ àfi tó bá tó nǹkan bíi 238°C.

Ẹ jọ̀ọ́, abẹ́ ẹ̀rọ tó ń fa èéfín ni kẹ́ ẹ ti ṣe é. Dimethylformamide yẹn lè bí dimethylcarbamoyl chloride, ìyẹn sì lè fa jẹjẹrẹ.

Inú ṣì ń bí mi pé kò sí déètì kankan lára ìgò náà, kò sì sí ìwé ààbò tó bá a wá. Síbẹ̀, mo fún kẹ́míkà náà ní ìràwọ̀ 5 nínú 5.