Àtíìsì tó kọ pátákó kànga mi ní Bàsírì

Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti ń sọ pé màá kọ nǹkan nípa ọkùnrin àtíìsì yìí, àmọ́ mo ní kí n kọ́kọ́ wò ó bóyá ọ̀dà rẹ̀ á dúró nínú òjò. Ó dúró. Òjò ti lù ú, oòrùn ti pa á, ewúrẹ́ àdúgbò ti fi ara họ ọ́, síbẹ̀ ẹ lè dúró lójú títì kí ẹ kà á. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ojú tí mo fi rí iṣẹ́ rẹ̀.

Mo ní ilé kan lọ́nà Ìwòrókò, ní Adó-Èkìtì níbí, tí mo fi ń gba àwọn ọmọ Yunifásítì sílé. Kànga kan wà lẹ́yìnkùlé níbẹ̀ tí kò gbẹ rí láti ọjọ́ tí a ti gbẹ́ ẹ. Kọnkéré tí a fi bo ẹnu rẹ̀ ló sán lọ́dún tó kọjá. Bíríkìlà ní kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gun orí rẹ̀ títí n ó fi rówó da òmíràn. Ẹnu dùn ún ròfọ́. Orí kànga yẹn gan-an ni àwọn ọmọ yìí ń jókòó sí lálẹ́ láti tẹ fóònù, nítorí wọ́n ní ibẹ̀ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wọlé jù. Mo pariwo títí ohùn mi fi há. Ẹni tí mo bá kìlọ̀ fún lónìí á gbọ́, ẹlòmíràn ni n ó tún bá níbẹ̀ lọ́la. Ohun tó wá dẹ́rù bà mí ni àwọn ọmọ kéékèèké ọkùnrin Hausa tó ń yan súyà níwájú ilé, nítorí kànga wa ni wọ́n ti ń pọnmi.

Ni ọmọ ìjọ wa kan bá júwe àtíìsì yìí fún mi.

Ẹ má wá sáìńbọ́ọ̀dù rẹ̀ o, kò ní. Ẹni tó ń kọ pátákó fún gbogbo ayé kò kọ tirẹ̀! Bí ẹ bá dé Bàsírì, tí ẹ kọjú sí ọ̀nà Ìyìn, ẹ máa wo ọwọ́ ọ̀tún títí ẹ ó fi rí ògiri kan tí wọ́n ti fi dán oríṣiríṣi ọ̀dà wò títí ó fi dà bí aṣọ egúngún. Ibẹ̀ náà ni. Lójú ògiri yẹn ni ẹ ó ti rí àwọn iṣẹ́ tí àwọn oníbàárà kò wá gbà: "Ilé yìí kì í ṣe títà, ẹ ṣọ́ra fún 419", "Má tọ̀ síbí", "Ajá burúkú ń bẹ níbí". Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ọ̀kan tí wọ́n kọ "Ìkìlọ̀" sí gàdàgbà-gadagba, tí kò sì sí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀. Ó ní owó oníbàárà náà kò tó.

Ọmọ Ìkéré ni ọkùnrin náà, "ulé" ló ń pe ilé, "uṣu" ló ń pe iṣu, inú mi sì dùn nítorí bí bàbá mi ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Mo ní kó kọ "Ìkìlọ̀" fún mi ní lẹ́tà pupa. Kò tilẹ̀ mú búrọ́ọ̀ṣì. Ó ní, "Màmá, ta lẹ fẹ́ kìlọ̀ fún, kí lẹ sì fẹ́ kó ṣe?"

Mo ní ìbéèrè wo nìyí? Ó ní ẹ̀rù lásán ni "Ìkìlọ̀" ń dá bani, kò sọ ibi tí èèyàn ó gbà. Ó ní bí Yorùbá bá rí ejò, kò ní "ìkìlọ̀", "Ejò!" ló ń ké, gbogbo ẹni tó bá gbọ́ á sì fò. Iná ń jó, "Iná o!" Ọkọ̀ ń bọ̀, "Ọkọ̀ ń bọ̀ o!" Ẹ dárúkọ ohun náà fún wọn, ẹsẹ̀ wọn á mọ ohun tó máa ṣe. Mo ti ṣe tíṣà fún ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, n kò ronú kàn án bẹ́ẹ̀ rí. Òótọ́ ló sọ. Ìgbà tí a bá fẹ́ fara balẹ̀ ni a máa ń lo "ṣọ́ra", ohun tó sì wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn ni pé kí o ṣọ́ ara rẹ bí ẹní ń ṣọ́ ẹrù lójà. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, àwa ní tiwa ń ṣọ́ gbogbo ara.

Lẹ́yìn náà ló béèrè irú èèyàn tó ń gbé ilé mi. Mo kà wọ́n fún un: Yorùbá ló pọ̀ jù, ọmọ Igbo méjì, ìdílé oní-súyà, àti ọmọbìnrin kan láti Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Benin tó ń sọ Yorùbá ju tèmi lọ ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé Faransé ni wọ́n fi kọ́ ọ níwèé. Mo ti mú ìwé kan dání, tí ọmọ mi fi fóònù túmọ̀ ọ̀rọ̀ mi sí èdè wọ̀nyẹn. Àtíìsì wò ó, ó fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní òun kì í kọ ohun tí ẹni tó ni èdè kò bá tíì kà lójú òun. Ó ní kí n lọ bá àwọn tó ni èdè, kí n bi wọ́n léèrè bí ìyá wọn ṣe ń sọ ọ́.

Inú bí mi. Mo san ọkọ̀ wá láti Ìwòrókò, ó tún ń rán mi níṣẹ́ bí ọmọ ilé ìwé. Ṣùgbọ́n mo lọ, ibẹ̀ gan-an sì ni mo ti jẹ adùn owó mi.

Oní-súyà ni mo kọ́kọ́ bá. Mo ní mo fẹ́ kọ "gargaɗi", nítorí ohun tó wà nínú ìwé ọmọ mi nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀rọ̀ ìjọba nìyẹn, ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá. Ó ní ti kànga, "A yi hankali" ni. Mo ní kí ni hankali? Ó fi ìka kan iwájú orí: làákàyè. Èdè Lárúbáwá ni wọ́n ti mú ọ̀rọ̀ náà. Ẹ ò rí i pé nígbà tí tiwa ń sọ pé kí o ṣọ́ ara, tiwọn ń sọ pé kí o lo ọpọlọ. "A" tó ṣáájú rẹ̀ yẹn kò sì dárúkọ ẹnikẹ́ni, bí ìgbà tí a bá ní "kí á lo làákàyè o", tí ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kàn á mọ̀ fúnra rẹ̀. Mo fẹ́ràn ọ̀wọ̀ tó wà níbẹ̀.

Àwọn ọmọ Igbo ní tiwọn ní "Kpachapụ anya". Anya ni ojú. Ẹ má bá mi wí bí mo bá ní mo ti fura, nítorí "Shine your eye" náà ni wọ́n ń sọ fún mi ní Píjìn nígbà tí mo bá fẹ́ ra ọjà lọ́wọ́ ẹni tí wọn kò fọkàn tán. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń pe kí èèyàn kìlọ̀ fún ẹnìkejì, àgbà nínú wọn ní "ịdọ aka na ntị", pé aka ni ọwọ́, ntị ni etí. Mo pàtẹ́wọ́. Ṣé àwa náà kò ń sọ pé "mo ti fà á létí"? Etí kan náà ni ìyá Igbo àti ìyá Èkìtì ń fà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ìyá tèmi tiẹ̀ kì í fọwọ́ kàn án mọ́ bí àlejò bá wà nílé, yóò ṣẹ́jú sí ọ lásán, tí o bá ṣe bí ẹni tí kò rí i, wàá jẹ iyán rẹ níṣu bí àlejò bá lọ tán.

Ọmọ Àjàṣẹ́ kò pẹ́ sọ. "Attention" ni. Ó ní bí ajá bá wà nílé, wọ́n á kọ "chien méchant" sẹ́nu ọ̀nà, ìyẹn ajá tó rorò, kí o ṣe èyí tó bá wù ọ́. Èyí bá ohun tí àtíìsì wí mu: ó dárúkọ ajá, ó dákẹ́.

Nígbà tí mo kó gbogbo rẹ̀ padà dé Bàsírì, ọkùnrin náà fi àwòrán kan hàn mí nínú fóònù rẹ̀, ajá dúdú tí wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ tò sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé kan ní Pompeii ní Ítálì, ìlú tí òkè oníná bò mọ́lẹ̀ lọ́dún 79. Wọ́n kọ "Cave canem" sábẹ́ rẹ̀ ní èdè Látìnì, pé kí èèyàn ṣọ́ra fún ajá. Ó ní, "Àwọn ọ̀gá wa nìyẹn, mà. Iṣẹ́ wọn ṣì ń bẹ." Ó sọ ọ́ bí ẹni pé ọ̀dọ̀ wọn ló ti gba fúrídọ̀ọ̀mù. Mo ní ẹ gbọ́, kí wọ́n tó mọ̀wé ní ilẹ̀ yìí ni bàbá mi àgbà ti ń so ìkarahun ìgbín mọ́ màrìwò sí ẹ̀gbẹ́ òkìtì ẹ̀gẹ́ rẹ̀, tí olè á rí ààlè yẹn, tí yóò sì yà bàrá. Kò sí lẹ́tà kan níbẹ̀. Ó sọ fún gbogbo èdè tó bá gba ọ̀nà oko pé bí ìgbín ṣe ṣófo yìí ni ilé olè ó ṣe ṣófo. Àtíìsì dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ borí, mà." Ibẹ̀ ló ti wá sí i lọ́kàn pé kí òun ya àwòrán ẹsẹ̀ kan lórí kànga sára pátákó náà, kí òun sì fi àmì pupa dá a lọ́nà, fún àwọn ọmọdé tí kò tíì mọ̀wé kà. Kò gba kọ́bọ̀ lórí ìyẹn.

Ó yẹ kí n máa yìn ín lọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹ̀bi rẹ̀.

Àkọ́kọ́, ó ní kí n wá gbà á lọ́jọ́bọ̀. Ọjọ́bọ̀ dé, ó ní kò sí iná. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó ní òkú wà nílùú wọn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ kejì ni mo tó rí pátákó gbà. Ọmọ ìyá kan náà ni àtíìsì àti télọ̀.

Èkejì ló burú jù. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, ohun tó kọ ni: E MA GUN ORI KANGA. Kò sí àmì kankan lórí rẹ̀, kò sí nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo ní ọ̀gá, kí ni mo ní kí o kọ? Ó ní "Ẹ má gun orí kànga". Mo ní ka èyí tí o kọ fún mi. Ó kà á bó ṣe wà lọ́kàn rẹ̀. Mo wá pe ọmọdé kan tó ń kọjá lọ, ọmọ bí ọdún mẹ́wàá, mo ní kó kà á. Ọmọ náà kà á ketekete: "Ẹ máa gún orí kànga." Ẹ gbọ́ mi, ẹ̀yin ará ilé! Pátákó tí mo ná owó lé lórí kí ẹnikẹ́ni má bàa gun orí kànga ló wá ń pè wọ́n kí wọ́n máa gún un, bí ẹní ń gún iyán, ní Èkìtì níbí! Ẹ̀rín pa gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Àtíìsì fẹ́ máa jiyàn pé gbogbo èèyàn á mọ ohun tí òun ní lọ́kàn. Mo ní ẹni tó bá ti mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ kò nílò pátákó. Ní ti èdè mìíràn, bí ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ bá ṣìnà díẹ̀, èèyàn á rẹ́rìn-ín kọjá. Ní tiwa, àmì kan ṣoṣo tí a bá gbàgbé lórí "má", a ti rán ọmọ ọlọ́mọ lọ sínú kànga.

Kò bínú. Ó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ó tún un kọ lójú mi, ó fi àmì sí i lókè, ó fi sí i nísàlẹ̀. Ó tún fi àmì sí abẹ́ "Kpachapụ" pẹ̀lú, èyí tí ó ti gbàgbé tẹ́lẹ̀. Bó ṣe wà lára ògiri mi nìyí, láti òkè dé ìsàlẹ̀: "Ẹ ṣọ́ra, kànga rèé. Ẹ má gun orí rẹ̀." "Kpachapụ anya: olulu mmiri." "A yi hankali, ga rijiya." "Attention : puits." Gẹ̀ẹ́sì ló kéré jù, ó fi "Danger" sí ìsàlẹ̀ pátápátá bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí rẹ̀ ni. N kò bá a jà lórí ìyẹn.

Ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún náírà ni mo san, páànù àti ọ̀dà wà nínú rẹ̀. Mo ti rí ẹni tó gba ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá fún fléèsì, àmọ́ kí ọdún tó yí po ni oòrùn ti máa ń sọ fléèsì di funfun. Ìṣó tó fi kan páànù náà mọ́gi kò yẹ̀. Lẹ́tà rẹ̀ dúró ṣánṣán, ó mọ bí a ti ń fi àlàfo sí ọ̀rọ̀, kò dà bí àwọn kan tí ààyè máa ń tán fún kí ọ̀rọ̀ tó parí, tí wọ́n á wá sún lẹ́tà tó kù gúnra wọn sí igun.

Ṣé pátákó náà ń ṣiṣẹ́? Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti kó nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn lọ sídìí igi máńgòrò. Àwọn ọmọ oní-súyà a máa dúró lọ́nà jíjìn, wọ́n á na korobá sí ẹni tó bá ti dàgbà kó bá wọn fà á. Ewúrẹ́ nìkan ló ṣì ń gùn ún.

Ìràwọ̀ mẹ́rin ni mo fún un nínú márùn-ún. Ọ̀kan tó kù yẹn, àmì ohùn ló gbé e lọ. Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ lọ láàárọ̀ kí oòrùn tó mú, ẹ kọ ọ̀rọ̀ yín sínú ìwé pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, kí ẹ sì mú ọmọdé kan dání tí yóò bá yín kà á kí ọ̀dà tó gbẹ. Ẹ sọ fún un pé ìyá oníkànga ló rán yín. Ó ṣì jẹ mí ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ṣéńjì.