Kí Ọkọ̀ Padà sí Èbúté, Tàbí Kí Ìrìn Àjò Máa Bá A Lọ?

Bí amòòkùn kan bá gòkè ní erékùṣù Brothers, ní Òkun Pupa ti Íjíbítì, tí ọwọ́ rẹ̀ ń kú, tí oríkèé sì ń ro ó (àmì àìsàn tí gígòkè kíákíá láti inú omi lè fà fún amòòkùn), ọ̀gá ọkọ̀ lè yí orí ọkọ̀ padà, tàbí kí ó fi aláìsàn lé ọkọ̀ mìíràn lọ́wọ́, kí àwọn yòókù máa mòòkùn lọ.

Ti kejì yìí dùn mọ́ àwọn tó ti sanwó, n kò sì bá wọn wí. Àmọ́ nǹkan bíi kìlómítà 60 ni etíkun jìnnà sí wọn, àgbá ọ́síjìn sì ní láti bá aláìsàn lọ. Bí ẹlòmíràn bá tún dákú, kí ni yóò fà símú? Pípadà ń jẹ epo, ṣùgbọ́n ó ń gbé aláìsàn súnmọ́ ìlú Hurghada, níbi tí yàrá ìfúnpá tó ń tọ́jú àìsàn amòòkùn wà. Àyàfi bí ọkọ̀ kejì bá yára, tí ó sì ní ọ́síjìn tirẹ̀, pípadà ni mo fara mọ́.