Ìdúró òru méjì ní Òṣogbo fún ẹni tó ń lọ ṣọdẹ, tó sì ń lọ pẹja

Ìgbà mẹ́ta ni mo ti gba Òṣogbo kọjá lọ sí abúlé ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó wà ní apá Ìlobùú, láti bá wọn dẹ igbó àti láti pẹja nínú odò Erinlẹ̀. Ní ìgbà méjì àkọ́kọ́, ibi tí mo ti ń pààrọ̀ ọkọ̀ lásán ni mo ka ìlú náà sí: mo máa ń bọ́ sílẹ̀ ní Old Garage, n ó wọ ọkọ̀ mìíràn, n ó sì bá tèmi lọ. Oṣù Ṣẹ́rẹ́ tó kọjá yìí ni mo tó ṣètò rẹ̀ bó ṣe yẹ, tí mo sun òru kan ní Òṣogbo kí n tó wọ igbó, tí mo sì sun òru kan sí i nígbà tí mo ń padà sí Èkó. N kò rò pé ìlú mìíràn wà ní ilẹ̀ Yorùbá tó yẹ kí ọdẹ tàbí apẹja fi ṣe ibùdúró ju Òṣogbo lọ, ìdí rẹ̀ sì ju pé ó wà lójú ọ̀nà lọ.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ìlú náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà Òṣogbo a máa sọ pé ọ̀dá omi ló lé Láròóyè, tó di ọba wọn, àti àwọn èèyàn rẹ̀ kúrò ní Ìpólé Òmu, àti pé ọdẹ kan tó ń jẹ́ Tìmẹ́hìn, tó ń dẹ igbó kiri, ló rí odò Ọ̀ṣun, tó sì padà lọ sọ fún wọn. Nígbà tí wọ́n ń ṣán igbó létí omi, igi kan tí wọ́n gé wó sínú odò, wọ́n sì gbọ́ ohùn kan láti ìsàlẹ̀ tó ń ké pé, “Oṣó igbó, gbogbo ìkòkò aró mi ni ẹ ti fọ́ tán!” Inú igbe yẹn ni wọ́n ní orúkọ ìlú ti jáde. Nígbà tí ọba àti odò wá dá májẹ̀mú, ẹja ńlá kan yọ láti inú omi, ọba sì tẹ́wọ́ méjèèjì gbà á, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe ọba Òṣogbo ní Àtáọ́ja. Ọdẹ ló wá ìlú náà rí, ẹja ló fún ọba rẹ̀ lórúkọ oyè. Ẹni tó gbé ìwọ̀ àti tọ́ọ̀ṣì ọdẹ sínú àpò rẹ̀, tó wá sáré gba irú ìlú bẹ́ẹ̀ kọjá láìyà, bí èmi náà ti ṣe ní ẹ̀ẹ̀mejì, pàdánù nǹkan.

Láti Èkó, aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo gbéra. A gba Ìbàdàn, a kọrí sí ọ̀nà Ifẹ̀, a yà ní Gbọ̀ngán, a sì gba Òde-Òmu, Àkọ́dà àti Ẹdẹ wọ Òṣogbo kí ó tó di aago méjìlá. Mo gba yín nímọ̀ràn pé kí ẹ tètè gbéra bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tó bá dé ní ìrọ̀lẹ́ kò ní lè wọ Igbó Ọ̀ṣun, igbó òrìṣà tó wà létí odò náà, lọ́jọ́ náà, ohun tó sì ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ìdúró yìí nìyẹn.

Ilé àlejò tí mo dé sí wà ní àdúgbò kan tó dákẹ́ lẹ́yìn Òkè-Fíà. Yàrá méje péré ló ní, kò ní pátákó lójú títì, ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ló sì ń bójú tó o. ₦18,000 ni mo san fún òru kan. Ibùsùn mọ́, àwọ̀n ẹ̀fọn kò ya, omi sì ń yọ lẹ́nu ẹ̀rọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú bọ́kẹ́ẹ̀tì ni wọ́n máa ń gbé omi gbígbóná wá fún èèyàn, tí oúnjẹ àárọ̀ wọn kò sì kọjá búrẹ́dì àti ẹyin. Ṣùgbọ́n ohun tí ọdẹ ń wá nínú ilé àlejò yàtọ̀ sí ohun tí oníṣòwò ń wá. Ọdẹ ń fẹ́ ibi tí yóò ti fọ bàtà ẹlẹ́rẹ̀, ó ń fẹ́ ẹni tí yóò ṣí géètì fún un ní aago mẹ́rin ìdájí láìkùn, ó ń fẹ́ fírísà tí iná kò ní kú lé lórí, ó sì ń fẹ́ onílé tí kò ní fa ojú ro nígbà tí òórùn ẹja yíyan bá gba ọ̀dẹ̀dẹ̀. Gbogbo ìwọ̀nyí ni mo rí lọ́dọ̀ ìyá yìí. Nígbà tí mo sọ fún wọn pé n ó kó ẹran àti ẹja padà dé, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí: “Ọkọ mi, ṣé tútù ni àbí yíyan, kí n lè mọ bí mo ṣe máa palẹ̀ fírísà mọ́?”

Ní ti ìbọn, n kò gbé ọ̀kankan wọ Òṣogbo. Ti ẹ̀gbọ́n bàbá mi wà ní abúlé pẹ̀lú ìwé àṣẹ rẹ̀, èyí tí òfin béèrè fún kódà bó bá jẹ́ ṣakabùlà. Ẹni tó bá ní láti gbé ti ara rẹ̀ gba ìlú kọjá, kí ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó sì ti sọ fún onílé kí ó tó san owó yàrá, nítorí kò tọ́ kí olúwarẹ̀ fi ìbọn pa mọ́ sínú ilé onílé.

Ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán ni mo wọ Igbó Ọ̀ṣun. Igbó náà fẹ̀ tó hẹ́kítà 75. Ìjọba Nàìjíríà sọ ọ́ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní ọdún 1965, UNESCO sì kà á mọ́ àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2005. Ẹni tó bá ti kàwé nípa rẹ̀ ti mọ èyí. Ohun tí ìwé kò lè fún ọdẹ ni bí ó ṣe máa ń rí lára rẹ̀ láti rìn nínú igbó tí kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ yìnbọn nínú rẹ̀, létí odò tí kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ ju ìwọ̀ sí. Àwọn ọ̀bọ sọ̀ kalẹ̀ sẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ń wò wá. Àwọn ẹja ń yí lójú omi lẹ́sẹ̀ ojúbọ, wọn kò sá fún òjìji wa. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń tẹ̀ lé àwọn ọdẹ wọ igbó, n kò sì tíì rí ẹranko tí kò kọ́kọ́ rí mi kí ó sì sá. Níbí, mo lè dúró kí n wò ó bó ṣe ń jẹun, kí n wo ibi tó ń gbà àti bó ṣe ń tẹ́tí sílẹ̀. Mo dúró lójú kan tó wákàtí kan, bàbá tó ń mú wa kiri kò sì lé mi.

Bàbá náà yẹ fún ìyìn lọ́tọ̀. Wọ́n fi Yorùbá tó dán mọ́rán ṣàlàyé gbogbo nǹkan, wọn kò kánjú, nígbà tí wọ́n sì gbọ́ pé apẹja ni mí, wọ́n mú mi lọ síbi tí omi ti dákẹ́. Mo bi wọ́n pé, “Bàbá, ṣé ẹnikẹ́ni ò wá ju ìwọ̀ sínú omi yìí rí ni?” Wọ́n ní, “Wọ́n jù ú rí, ọmọ mi. Wọ́n pẹja, wọ́n ṣọdẹ, wọ́n gé igi, nígbà tí èèwọ̀ ti ń rọ̀ lójú àwọn èèyàn. Àdùnní ló bá wa dì í mú.” Susanne Wenger ni wọ́n ń sọ, obìnrin ayàwòrán tí wọ́n bí ní ìlú Graz ní Austria ní ọdún 1915, tó dé Nàìjíríà ní 1950, tí àwọn ará Òṣogbo sọ ní Àdùnní Olórìṣà, tó sì kú sí Òṣogbo ní ọdún 2009. Òun àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ilẹ̀ wa, bí Adébísí Àkànjí, ni wọ́n mọ àwọn ère ńláńlá tó yí ojúbọ ká, àwọn ère náà sì ń sọ fún ẹni tó bá gbé àáké tàbí ìbọn wọlé pé igbó yìí ní ẹni tó ni ín. Ìtàn yìí wọ̀ mí lára, nítorí àwọn tó wọ ibẹ̀ láti ṣọdẹ nígbà náà kò yàtọ̀ sí èmi: wọ́n ń wá ẹran, igbó sì súnmọ́.

Ohun kan bà mí nínú jẹ́ níbẹ̀, n kò sì ní fi pa mọ́. Omi odò Ọ̀ṣun kò mọ́. Pupa rẹ̀ ju ti ẹrẹ̀ òjò lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀gbẹlẹ̀ la wà. Ìwakùsà góòlù ní òkè odò ni àwọn èèyàn ń ka ẹ̀sùn rẹ̀ sí lẹ́sẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sì kìlọ̀ ní ọdún 2022 pé kí wọ́n má ṣe mu omi náà mọ́. Àwọn ẹja tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pa ló ń gbé inú omi yìí. Ẹ má ṣe mu ún, ẹ sì má ṣe pẹja nínú odò Ọ̀ṣun níbikíbi láti jẹ, kódà lẹ́yìn ibi tí èèwọ̀ mọ. Erinlẹ̀ ni kí ẹ lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo ra bátìrì tọ́ọ̀ṣì, okùn ọ̀rá, ìwọ̀ onírúurú àti iyọ̀ púpọ̀ ní Ọjà Ọba, mo sì jẹ àmàlà ní ilé oúnjẹ kékeré kan nítòsí ibẹ̀. Àmàlà náà dára gan-an, ọbẹ̀ ewédú náà sì yọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹran ọ̀yà tí wọ́n pè ní tútù ti pẹ́ lórí iná ju bó ṣe yẹ lọ, ₦3,500 sì pọ̀ fún un. Ẹ jẹ ẹran màlúù tàbí ẹja níbẹ̀, kí ẹ fi ọ̀yà sílẹ̀ di ìgbà tí ẹ bá pa tiyín.

Òru méjì tí mo lò ní abúlé kì í ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ púpọ̀ lé lórí. A rí ọ̀yà kan àti òkété méjì, ìwọ̀ wa sì mú àrọ̀ mẹ́sàn-án àti ẹ̀pìyà tí n kò kà. Ní òru kejì, iná orí ẹ̀gbọ́n bàbá mi mú ojú ẹtu kan, wọ́n wò ó títí, wọ́n sì sọ ìbọn kalẹ̀. “Oyún wà nínú rẹ̀,” ni wọ́n sọ fún mi. Kò yà mí lẹ́nu pé wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé èmi náà ti rí oyún náà kí wọ́n tó sọ ọ́, nítorí pé mo ti fara balẹ̀ wo bí ẹranko ṣe ń rìn nínú Igbó Ọ̀ṣun. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ lọ sí Igbó Ọ̀ṣun kí ẹ tó lọ sóko ọdẹ, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó ti rẹ̀, tí ẹran sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń retí yìnyín, kò ní dúró wo ọ̀bọ kankan. Bí wọ́n bá sì fi akika, ẹranko onípẹ́ tó máa ń ká ara rẹ̀ kò, lọ̀ yín lójú ọ̀nà, ẹ má rà á. Òfin àpapọ̀ Nàìjíríà ti dáàbò bò ó láti ọdún 1985.

Òru ìpadàbọ̀ ni ilé ìyá yìí fi hàn pé ó tó gbogbo owó tí mo san. Ní ọdún tó ṣáájú, mo sùn sí ilé ìtura kan tó tóbi jù ú lọ láàárín ìgboro ìlú mìíràn nígbà tí ilẹ̀ ṣú mọ́ mi lọ́nà. Wọ́n pa jẹnẹrétọ̀ ní aago méjìlá òru láìsọ fún mi, nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ẹja kúlà kan odindi ti rà. Ó dùn mí nítorí owó, ó sì tún dùn mí nítorí àwọn ẹja náà, tí wọ́n kú lásán. Lọ́tẹ̀ yìí, ìyá náà ti dáná èédú sílẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé kí n tó dé. Wọ́n fi iyọ̀ ra àwọn àrọ̀ náà lára, wọ́n ká wọn ní ìrù mọ́ orí, wọ́n sì fi igi ṣín-ín-ṣín gún wọn kí wọ́n má baà tú. A yan wọ́n títí di aago mọ́kànlá. Ẹ̀pìyà ni wọ́n fi se ọbẹ̀ ata fún wa lálẹ́ ọjọ́ náà, wọn kò sì gba kọ́bọ̀ lé e. Ẹja kan tó tóbi ni wọ́n mú, wọ́n ní ó tó.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ lọ, láti oṣù Ọ̀pẹ títí di Èrèlé, nígbà tí koríko ti gbẹ, tí omi sì ti fà. Oṣù Ògún ni ọdún Ọ̀ṣun, àwọn àlejò a sì máa kún ìlú débi pé yàrá ṣọ̀wọ́n. Mo ti san àsansílẹ̀ fún yàrá tó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé fún oṣù Èrèlé tó ń bọ̀, òru mẹ́ta ni lọ́tẹ̀ yìí, nítorí bàbá tó mú mi wọ igbó sọ pé aago mẹ́jọ àárọ̀ ni àwọn ẹja máa ń pọ̀ jù lẹ́sẹ̀ ojúbọ.