Ìwé ìtàn mẹ́rin tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà tán, àti ohun tí wọ́n fojú mi rí

Mo ti ka ìwé ìtàn àròsọ mẹ́rin tán láàárín ìgbà díẹ̀ yìí, ọ̀kan ò sì jọ ìkejì rárá. Ọ̀kan jẹ́ ti ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ọ̀kan jẹ́ ti ìfẹ́ àti ìbẹ̀rù, ọ̀kan gbéèyàn lọ sáyé àtijọ́, ìkẹrin sì jẹ́ ti abàmì ẹ̀dá. Ohun tó pa wọ́n pọ̀ lójú mi ni pé nínú gbogbo wọn, "èmi" ló ń sọ̀rọ̀, ẹnì kan ló jókòó tó ń rojọ́ ohun tójú ẹ̀ rí fún mi. Mo fẹ́ràn irú ìwé bẹ́ẹ̀ kọjá àlà, torí bó o ṣe ń gbọ́ ìtàn náà ni wàá máa wo ojú ẹni tó ń sọ ọ́, ṣé mo gba ẹni yìí gbọ́ àbí mi ò gbà á gbọ́.

Kindred tí Octavia Butler kọ ni màá fi ṣáájú, ọdún 1979 ló jáde. Dana, obìnrin aláwọ̀ dúdú kan tóun náà jẹ́ òǹkọ̀wé, ń to ìwé sórí pẹpẹ nínú ilé tuntun tóun àti ọkọ ẹ̀ kó sí ní California, ọdún 1976 ni, ọjọ́ yẹn gan-an ló pé ọmọ ọdún 26, bí òòyì ṣe kọ́ ọ nìyẹn, nígbà tójú ẹ̀ á sì fi wálẹ̀ etí odò kan ló bá ara ẹ̀, tí ọmọkùnrin òyìnbó kan ń kú lọ sínú omi. Ó fà á jáde. Maryland ló bọ́ sí, láyé ìgbà tí wọ́n ń ra ẹrú tí wọ́n ń tà á, ọmọ tó yọ yẹn sì ni baba ńlá tiẹ̀ fúnra ẹ̀. Ẹ wá wo wàhálà: tó bá jẹ́ kí ọmọ yẹn kú kí àkókò tó tó, òun náà ò ní sí láyé, tó bá sì ń gbà á sílẹ̀, ọmọ yẹn á dàgbà, á di olówó ẹrú tó ń fojú àwọn èèyàn ẹ̀ rí màbo. Kò sí ẹ̀rọ kankan tó ń gbé e lọ gbé e bọ̀, Butler ò ṣàlàyé ẹ̀, èmi náà ò sì wá àlàyé kankan. Ohun tó dun mí jù kì í tiẹ̀ ṣe ẹgba. Àwọn ọmọdé kan ló wà níbì kan tí wọ́n ń ṣeré, ọ̀kan gun orí kùkùté igi, ìkejì ń kéde iye tó fẹ́ tà á, ọmọbìnrin tó wà lórí kùkùté wá ń bínú pé iye tí wọ́n pè é kéré, òun jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo pa ìwé yẹn dé nígbà tí mo débẹ̀, mi ò lè kà á mọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà.

The Murder of Roger Ackroyd ti Agatha Christie, 1926, ò gbà mí lákòókò púpọ̀. Poirot, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ìwé Christie, ti fẹ̀yìn tì nínú ìwé yìí, ó wá ń gbin irú elégédé kan lábúlé, inú bí i lọ́jọ́ kan ó sì ju ọ̀kan gba orí ògiri sọ́dọ̀ aládùúgbò! Mi ò ní sọ ẹni tó pa Ackroyd fún yín o, ẹ má tiẹ̀ bi ẹnikẹ́ni kẹ́ ẹ tó kà á. Ohun tí mo lè sọ ni pé nígbà tí mo parí ẹ̀ mo padà sẹ́yìn lọ wá ibi tí wọ́n ti tàn mí jẹ, mo rí i pé òtítọ́ ti wà níwájú mi gbalaja látìgbà yẹn wá, èmi ni mo kàn sáré kọjá lórí ẹ̀.

Rebecca ti Daphne du Maurier, 1938, òun ni mo kọ́kọ́ fẹ́ jù sílẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, a ò mọ orúkọ ẹ̀ títí ìwé fi parí, ó fẹ́ ọkùnrin olówó kan tí ìyàwó ẹ̀ ti kú, ó wá ń bẹ̀rù gbogbo ẹni tó bá nínú ilé yẹn, ó ń bẹ̀rù àwọn òṣìṣẹ́, ó ń bẹ̀rù ìwé tí olóògbé fọwọ́ kọ, mo ní kí ló dé! Àfìgbà tó ṣèèṣì fọ́ ère tánńganran kékeré kan, tó kó àfọ́kù ẹ̀ pa mọ́ sẹ́yìn dúrọ́ọ̀ bí ọmọ ọ̀dọ̀ tí wọ́n máa nà, nínú ilé tóun gan-an jẹ́ ìyàwó ilé. Wọ́n wá ń fura sí òṣìṣẹ́ kan kó tó jẹ́wọ́. Ibẹ̀ ni àánú ẹ̀ ti ṣe mí. Orogún tó ti kú, ta ló máa bá a du ilé? Látibẹ̀ mi ò gbé ìwé yẹn sílẹ̀ mọ́, ẹ ní sùúrù fún ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ni o.

Ti Frankenstein ni mi ò retí. Mary Shelley ò ju ọmọ ọdún 18 lọ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́, 1818 ló jáde. Mo ti gbà pé abàmì ẹ̀dá yẹn ò lè ju kó máa ké ramúramù lọ, àṣé ó ń sọ̀rọ̀, ó tiẹ̀ mọ̀ ọ́n sọ ju ẹni tó dá a lọ! Victor tó dá a ń dárò jù fún mi, ó ń kédàárò láti òkè dé òkè, mo fo ibẹ̀ díẹ̀. Àmọ́ nígbà tó kan ẹ̀dá yẹn láti sọ tẹnu ẹ̀, n ò fo ọ̀rọ̀ kan. Ó sá pa mọ́ sínú ahéré kan tó fara ti ilé àwọn tálákà kan, ó ń yọjú wò wọ́n látinú ihò, ibẹ̀ ló ti kọ́ èdè, tó bá sì di òru á lọ ṣẹ́ igi ìdáná wá fún wọn, wọ́n jí wọ́n bá igi lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò mọ ẹni tó ṣe é. Lọ́jọ́ tó jàjà wọlé, bàbá àgbàlagbà tó fọ́jú ló bá, bàbá yẹn gbọ́ ohùn ẹ̀, ó sì gbà á sọ́dọ̀. Bí ọmọ ẹ̀ ṣe wọlé tó rí ojú ẹ̀ báyìí, igi ló fi ń lù ú. Ó lè fa ọmọkùnrin yẹn ya, kò ṣe é, ṣe ló jáde lọ. Mo ti ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Mi ò lè dárí ji Victor, ó ṣẹ̀dá ẹni yìí, ó sá fún un lóru tó lajú, títí tóun fi kú kò sì fún un lórúkọ kankan, àfi èébú.